Ògiri tó ń mumi: bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ ilé àtijọ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, àti bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe

Bó ṣe máa ń rí rèé. Wọ́n á mú yín lọ wo ilé nígbà ọyẹ́, oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, gbogbo nǹkan ti gbẹ, wọ́n ti kun ilé náà lọ́dà tuntun, táìsì ń dán, éjẹ́ńtì ń sọ pé ẹlòmíì ti fẹ́ sanwó lọ́la, lẹ̀yin náà á bá sanwó. Òjò oṣù Kẹfà ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ ògiri á wú bí awọ ara tí iná jó, á bó, nǹkan funfun lẹ́búlẹ́bú á máa já bọ́ sórí táìsì láràárọ̀, aṣọ inú wọ́dúróòbù á máa rùn. Ẹ ó pe bíríkìlà, á ha á, á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ padà, ẹ ó kùn ún, tó bá sì fi máa di òjò ọdún tó ń bọ̀ ó ti padà dé, nígbà míì ó tún máa ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Èmi àti ọkọ mi ra irú ẹ̀ ní Ìlasamàjà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la rẹ́ ògiri pálọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Bíríkìlà kẹrin tó wá, bàbá àgbà kan, ò tiẹ̀ mú irinṣẹ́ kankan dání. Ó yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ó ní, "Ìyàwó mi, ibo lomi yìí ń gbà wọlé?" N ò lè dáhùn. Páìpù kan ló ti jò sábẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́nì kankan tó wò ó rí nínú àwọn tó ti gbowó lọ́wọ́ wa.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ìbéèrè bàbá yẹn ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ ọ̀dà, sìmẹ́ǹtì tàbí owó ilé, àfi tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tomi ti ń wá.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ gan-an, torí ẹ̀yìn wọ́dúróòbù àti abẹ́ síǹkì lẹ máa wò jù.
- Ìṣó íǹṣì 3 kan.
- Téèpù tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan.
- Náílọ̀n tó nípọn, tí èèyàn lè rí inú ẹ̀, ègé mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóròó, pẹ̀lú sẹ́lótéèpù fífẹ̀.
- Rọ́bà gígùn tí àwọn bíríkìlà máa ń bu omi sí fi mú lẹ́fẹ́lì.
- Àwọ̀ tí àwọn oníkéèkì máa ń lò, pupa tàbí búlúù.
- Fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa.
- Bíríkìlà àti pọ́ńbà tiyín. Kì í ṣe tẹni tó ń ta ilé, kì í ṣe tẹni tí éjẹ́ńtì mú wá. Ẹ sanwó ojúmọ́ wọn fún wọn, kó má di pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà ni wọ́n ń wá.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí wọ́n fi ń gún ògiri tó máa gbé nọ́ńbà jáde láti sọ bí ògiri ṣe rin tó. Lára pákó ó dáa. Lára ògiri tí iyọ̀ ti wọ̀, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, torí iyọ̀ náà ń gbé iná. Tẹ́ ẹ bá ní in, ẹ fi wá ibi tó yẹ kẹ́ ẹ túbọ̀ wò, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí.

1. Ẹ jẹ́ kí òjò bá yín wo ilé náà

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kẹ́ ẹ lọ, ó kéré tán. Ẹ lọ lọ́jọ́ tóòrùn ràn, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì lọ lẹ́ẹ̀kan tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Lágbègbè Èkó àti Ìbàdàn, òjò máa ń pọ̀ ní oṣù Kẹfà sí Keje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún padà ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Tẹ́ ẹ bá lè fi ìrajà yín sáàárín àsìkò yẹn, ẹ fi síbẹ̀.

Tí ò bá ṣeé ṣe, tó jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nilé náà bọ́ sílẹ̀, ẹ wá ayálégbé tó ń gbébẹ̀ tàbí ará ilé kejì. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má béèrè bóyá ilé náà dáa, torí wọ́n á ní ó dáa. Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tójò bá ń rọ̀, ibo lẹ máa ń sún bẹ́ẹ̀dì sí?" Èèyàn kì í múra irọ́ sílẹ̀ de irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣi ṣe: wọ́n á gbọ́ òórùn ọ̀dà tuntun, inú wọn á dùn pé wọn ò ní kunlé mọ́. Ọ̀dà tuntun lára gbogbo ilé ò burú. Èyí tí wọ́n kùn sára ògiri kan ṣoṣo, tàbí sí ìsàlẹ̀ ògiri nìkan, ẹ wò ó dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé ìpele yìí ti parí tẹ́ ẹ bá ti ní fọ́tò gbogbo yàrá àti gbogbo ẹ̀yìn ilé tẹ́ ẹ yà láàárín wákàtí 12 lẹ́yìn òjò.

2. Ìta ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ìta lomi ti máa ń wá jù, ṣùgbọ́n inú ilé làwọn èèyàn máa ń sáré wọ̀. Ẹ dúró síta ná.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, ẹ mú Mushin, Súrùlérè, Ṣómólú, Bárígà, wọ́n ti da ọ̀nà sókè lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́lé, ilé tí wọ́n máa ń gun àtẹ̀gùn wọ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ilé tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wọ̀. Ojú lásán lè tàn yín jẹ. Ẹ bu omi sínú rọ́bà lẹ́fẹ́lì yẹn, kẹ́nì kan di ẹnu kan mú lójú ọ̀nà, kẹ́nì kejì di ẹnu kejì mú lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, kẹ́ ẹ dúró kómi náà fara balẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn bó ṣe jìn sílẹ̀ níbi méjèèjì. Tí ilẹ̀ pálọ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ, mo máa sọ èrò mi gan-an: ẹ fi ilé yẹn sílẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ní owó láti kún inú ilé, kẹ́ ẹ da German floor tuntun (kọnkéré ilẹ̀ ilé tí wọ́n máa ń gbé ògiri lé), kẹ́ ẹ sì gbà pé sílíìnì máa rẹlẹ̀, fèrèsé náà máa sún mọ́lẹ̀. Kò sí ọ̀dà tàbí oògùn tó ń wo ilé tó wà nínú kòtò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri níta. Ó yẹ kí ilẹ̀ ìta fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ ju German floor lọ, ó kéré tán, torí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ́ náílọ̀n dampproof sí tí omi ilẹ̀ ò fi ní gun ògiri. Nínú ilé àtijọ́, náílọ̀n náà lè má sí rárá, ó sì lè ti ya. Ṣùgbọ́n bó tiẹ̀ wà, tí wọ́n bá ti ń da iyanrìn sínú kọ́ńpáùǹdù, tí wọ́n tún wá to íńtálọ́ọ̀kì lé e, tí íńtálọ́ọ̀kì náà wá bá ilẹ̀ pálọ̀ dọ́gba, omi á kàn fo náílọ̀n yẹn kọjá ni. Ohun tí mò ń rí jù nìyí, ó sì rọrùn láti tún ṣe, torí náà tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ rí, ẹ má sá.

Ẹ wá yí ilé náà ká pẹ̀lú pọ́ńbà yín:

- Páìpù AC tó ń kán sára ògiri. Ìlà aláwọ̀ ewé tó ṣàn wálẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ ni ẹ máa fi mọ̀.
- Táńkì tí wọ́n gbé ka orí dẹ́kìn tàbí tó fara ti ilé.
- Sọ́kàwéè tó sún mọ́ ilé jù, pàápàá èyí tí ilẹ̀ orí ẹ̀ máa ń rin.
- Párápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkurú tó yí etí òrùlé ká. Gọ́tà wà lẹ́yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí láti ìsàlẹ̀, ewé á dí i, omi á dúró sínú ẹ̀ bí adágún, á wá máa rọra wọnú ògiri sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan gun àkàbà lọ wò ó.
- Ibi tí fẹ́ǹsì ti so mọ́ ara ilé, tàbí tí bálùwẹ̀ ará ilé kejì ti kọ ẹ̀yìn sí ògiri yín. Ẹ lè tún gbogbo tiyín ṣe, kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn lomi ti ń wá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ bu omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan níta. Tómi náà bá ṣàn kúrò lọ́dọ̀ ilé, ó dáa. Tó bá dúró, tàbí tó padà wá sí ẹsẹ̀ ògiri, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀.

3. Ẹ ka ohun tí ògiri ń sọ

Ẹ wọlé wàyí, kẹ́ ẹ sì fi imú ṣáájú ojú. Tẹ́ ẹ bá ṣí wọ́dúróòbù tó jẹ́ káńfọ̀ ló gba imú yín, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń lé. Ẹ sún wọ́dúróòbù náà kúrò lára ògiri bó bá ṣeé sún. Ẹ wo ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn, pákó ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rà.

Omi ilé kì í wá lọ́nà kan ṣoṣo, àpá ẹ̀ náà ò sì jọra.

Èyí tó ń gun ògiri láti ilẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, á ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí mẹ́ta, orí ẹ̀ á rí kọ́lọkọ̀lọ bí etí omi, iyọ̀ funfun á sì wà níbi tó parí sí. Ẹ fi ìka kan iyọ̀ náà, á fọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ẹ̀lùbọ́. Ó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ ògiri, gíga wọn á sì sún mọ́ra.

Ti òjò yàtọ̀. Ó lè wà lókè, ó lè wà lábẹ́ fèrèsé, ó máa ń wà ní apá ibi tí òjò ti ń fẹ́ wá, á máa pọ̀ lẹ́yìn òjò, á sì dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ti páìpù kì í mọ ẹ̀ẹ̀rùn mọ òjò, ojú kan ló máa ń wà, ìtòsí bálùwẹ̀ tàbí kíṣìnnì, á máa fẹ̀ sí i bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ti atẹ́gùn inú ilé fúnra ẹ̀: yàrá tí fèrèsé ò ṣí, bálùwẹ̀ tí ò ní ibi tí ooru ń gbà jáde, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù tó fara mọ́ ògiri. Ìyẹn máa ń bu ni, bí búrẹ́dì ṣe ń bu, dúdú tótòtó ní kọ̀rọ̀ òkè, kò sì ní iyọ̀. Èyí ló rọrùn jù nínú gbogbo wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n fi ń bo ògiri. Táìsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ tàbí ti yàrá dé ìbàdí, wọ́lípépà, páńẹ́lì PVC tó wà lára ògiri kan ṣoṣo, sìkíríìdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. N ò sọ pé gbogbo ẹni tó ṣe wọ́n ló ní nǹkan tó ń fi pamọ́, àwọn míì kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka kàn án láti ìsàlẹ̀ dókè. Ibi tó bá ń dún bí kóróbá òfìfo, kò lẹ̀ mọ́ ògiri mọ́ nìyẹn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó nilé, kẹ́ ẹ fi ìṣó gún un díẹ̀ níbi tí ò ní hàn. Tí ìṣó bá wọlé láìlo hámà, tí ohun tó bá a jáde bá rin, ẹ ti rí i.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìpele yìí, ẹ gbọ́dọ̀ lè ya àwòrán ilé náà sórí pépà, kẹ́ ẹ fi máàkì sí gbogbo ibi tó rin, kẹ́ ẹ kọ gíga ẹ̀ sí i, àti èyí tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tẹ́ ẹ bá rí ibi kan tẹ́ ẹ ò mọ irú ẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa dán wò.

4. Àwọn ìdánwò tí ò náni lówó

Náílọ̀n. Ẹ nu ojú ògiri náà gbẹ, ẹ lẹ náílọ̀n mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù dí etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 48. Tómi bá hù sí inú náílọ̀n, lápá ibi tó kọ sí ògiri, inú ògiri lomi ti ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ìta náílọ̀n ló rin, atẹ́gùn inú yàrá ni. Ọ̀pọ̀ máa ń já a lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Kò tíì pẹ́ tó.

Táńkì. Ẹ fa omi kún un lálẹ́, ẹ pa pọ́ńpù, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ fi máàkì sí ibi tómi dé. Kẹ́nì kankan má lo omi títí di àárọ̀. Tó bá ti fà, páìpù kan ń jò níbì kan, tàbí omi ṣálángá òyìnbó ń sá lọ. Láti mọ èyí tó jẹ́, ẹ da àwọ̀ oníkéèkì yẹn sínú táńkì ṣálángá, ẹ má fọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí. Tí àwọ̀ náà bá dé inú àwo, ibẹ̀ ló ti ń jò. Tí àwọ̀ ò bá dé ibẹ̀, ẹ ní kí pọ́ńbà wá páìpù tó wà nínú ilẹ̀. Ìdánwò yìí nìkan ì bá ti fi ọdún mẹ́rin àti owó pílásítà ẹ̀ẹ̀mẹta pamọ́ fún èmi àti ọkọ mi.

Bálùwẹ̀ òkè, tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ fi aṣọ dí ojú ihò tómi ń gbà lọ, ẹ da omi aláwọ̀ sílẹ̀ kó ga tó íǹṣì kan, kẹ́ ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ lọ wo sílíìnì yàrá tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta ó kéré tán.

Ẹni tó ń ta ilé lè ní òun ò gbà kẹ́ ẹ ṣe èyí. Ó lẹ́tọ̀ọ́, ilé ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ṣírò owó bíi pé ohun tó burú jù ló wà níbẹ̀.

5. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, àti bómi ṣe bá a jà tó

Ilé búlọ́ọ̀kù ni? Ẹ wo òpó, bíìmù, àti abẹ́ dẹ́kìn. Ìlà tó sán tẹ̀lé ojú rọ́ọ̀dù, àwọ̀ ìpẹtà tó ń ṣàn jáde, kọnkéré tó ti bó tí rọ́ọ̀dù fi hàn, gbogbo ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bíríkìlà. Tí irin bá dípẹtà ó máa ń wú, tó bá wú á ti kọnkéré jábọ́, agbára tó gbé ilé dúró sì ń dín kù. Ẹ pe ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń dán ohun èlò ìkọ́lé wò wà, Lagos State Materials Testing Laboratory, wọ́n lè bá yín dán kọnkéré wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ìpinnu yìí ṣe. Ilé ti wó pa èèyàn ní ìlú wa ju bó ṣe yẹ lọ.

Ilé alámọ̀ ni? Ìgboro Ìbàdàn kún fún un, Bẹẹrẹ, Ọjà'ba, Ìdí Arẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ níta, ẹ lè má mọ̀. Ẹ wo bí ògiri ṣe nípọn tó lójú fèrèsé, kẹ́ ẹ fi ìṣó ha ibi tó ti sán, ilẹ̀ pupa á jáde. Ohun tó ń pa ilé alámọ̀ ni sìmẹ́ǹtì yẹn gan-an. Sìmẹ́ǹtì á sán, omi òjò á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní ráyè jáde, amọ̀ á rọ̀ nínú, sìmẹ́ǹtì á ṣì dúró níta bí ẹni pé kò sí nǹkan, títí tí apá kan á fi yalẹ̀ lójijì. Ẹ kan sìmẹ́ǹtì tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri, ibi tó bá ń dún òfìfo, àmì ẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá máa ra irú ilé yìí, ìtọ́jú ẹ̀ ò rí bíi ti búlọ́ọ̀kù rárá: ẹ máa yọ sìmẹ́ǹtì náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ máa jẹ́ kí amọ̀ gbẹ, ẹ máa fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ iyanrìn àti koríko gígé rẹ́ ẹ padà, ẹ sì máa fa etí páànù gùn síta kí òjò má bàa máa gbá ògiri. Ẹ lọ wá àgbà tó mọ iṣẹ́ amọ̀. Wọ́n ò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà.

6. Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ ní kí bíríkìlà àti pọ́ńbà yín kọ iye tí gbogbo iṣẹ́ máa ná yín sílẹ̀, ohun èlò lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ẹ fi àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé kún un: wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri tó rin, férémù ilẹ̀kùn, sílíìnì, gọ́tà níta, àti owó ilé tẹ́ ẹ máa san níbòmíì nígbà tí ògiri bá ń gbẹ. Ẹ kó o lé tábìlì pẹ̀lú fọ́tò, ẹ fọ̀wọ̀ bá ẹni tó nilé sọ̀rọ̀: "Dádì, ẹ ò ṣẹ̀ wá, ẹ wo ohun tá a rí, ẹ wo iye tó máa ná wa." Fọ́tò máa ń ṣiṣẹ́ ju àríyànjiyàn lọ.

Tí wọ́n bá ní àwọn máa tún un ṣe fúnra wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má gbà. Ọ̀dà ni wọ́n máa kùn. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó. Kí lọ́yà yín sì kọ ọ́ sínú ìwé kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ kan sílẹ̀, torí owó àsansílẹ̀ kì í tètè padà.

7. Àtúnṣe: bó ṣe yẹ kó tò tẹ̀léra

Òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú: páànù, gọ́tà, párápẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé tọ́jọ́ wọn ti pẹ́ dáadáa, àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ṣe sílíìnì ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi hámà fọ́ ọ ní gbígbẹ, eruku ẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí wọ́n fi omi wọ́n ọn, kí wọ́n bo imú dáadáa, kí wọ́n yọ ọ́ lódindi, kí wọ́n dì í sínú náílọ̀n.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni páìpù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ilẹ̀ ìta: ẹ wa iyanrìn kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri títí tó fi máa fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ ju German floor, ẹ da kọnkéré tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 yí ilé ká, kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ilé, kómi gba ibẹ̀ lọ sínú gọ́tà.

Ẹ wá dúró. Ibí yìí ló máa ń ṣòro fáwọn èèyàn jù, wọ́n ti sanwó, wọ́n fẹ́ kó wọlé. Ẹ jẹ́ kí òjò kan lọ kí òmíì wá, kẹ́ ẹ máa fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ọ̀rinrin ga dé lára ògiri, pẹ̀lú déètì. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ ti rí ojú ẹ̀, ẹ ò nílò iṣẹ́ ńlá mọ́.

Tó bá dúró síbi tó wà lẹ́yìn gbogbo èyí, a jẹ́ pé omi ilẹ̀ ni, kò sì sí dampproof. Wọ́n máa gé ìlà àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ àti German floor, wọ́n á ki náílọ̀n dampproof tó nípọn bọ̀ ọ́, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì tó le dí i. Ìkìlọ̀ ńlá: ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ni kí wọ́n gé lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fo ibi tó tẹ̀ lé e, kí èyí tí wọ́n ṣe gan kó tó di pé wọ́n gé òmíì, kí náílọ̀n kan sì gun orí èkejì tó íǹṣì 6. Bíríkìlà tó bá ní òun máa gé gbogbo ògiri kan lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó máa lọ. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Oògùn tí wọ́n máa ń fún sínú ihò ògiri náà wà, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tiwa ní ihò nínú, tí wọn ò bá fún un sójú ìlà àpòpọ̀ gan-an, inú ihò ló máa dà sí.

Ìgbà yẹn lẹ tó lè ha pílásítà. Ẹ pa iná ilé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà. Kí wọ́n ha á kọjá ibi tó rin dé, ẹsẹ̀ bàtà kan sí i. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá iyọ̀ kúrò ní gbígbẹ, kí wọ́n má fi omi fọ̀ ọ́, torí omi á dá iyọ̀ padà sínú ògiri. Tí wọ́n bá máa rẹ́ ẹ, kó má jẹ́ iyanrìn òkun tàbí ti ọ̀sà tí wọn ò fọ̀, iyọ̀ tuntun lẹ máa rà bọ̀ ọ́ yẹn.

8. Gbígbẹ, kíkùn, àti bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pó ti tán

Bí àwọn tó mọ̀ ṣe máa ń ṣírò ẹ̀ ni pé íǹṣì kan nínú ògiri, oṣù kan. Èmi máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ bá yín ṣiṣẹ́: ẹ ṣe iṣẹ́ ìta kí òjò tó dé, ẹ ṣọ́ ọ ní oṣù Kẹfà àti Keje, ẹ ha pílásítà tí òjò bá ti dá ní oṣù Kọkànlá, ẹ fi ògiri sílẹ̀ níhòòhò kí ọyẹ́ fẹ́ sí i, fèrèsé ní ṣíṣí lójoojúmọ́, ẹ wá rẹ́ ẹ ní ìparí oṣù Kìíní. Pílásítà tuntun náà ní omi tiẹ̀, ẹ fún un lóṣù kan kẹ́ ẹ tó kùn ún.

Ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ọ̀dà olóròóró. Kẹ́ ẹ má sì lẹ táìsì mọ́ ọn lọ́dún àkọ́kọ́. Ọ̀dà olóròóró àti táìsì máa ń dí ojú ògiri, omi tó bá ṣẹ́ kù ò ní kú síbẹ̀, á kàn gun òkè lọ wá ibi tó máa gbà jáde ni. Ìdí tí tiwa fi ga sí i ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn.

Ní oṣù Kẹfà tó bá tẹ̀ lé e, ẹ tún lẹ náílọ̀n mọ́ àwọn ojú ibi kan náà, wákàtí 48, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ dáadáa. Ẹ fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ògiri láàárọ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá lẹ́búlẹ́bú funfun bá yín lọ́wọ́. Ẹ mú fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ jáde, ẹ fi wé e. Tí inú náílọ̀n bá gbẹ tí ọwọ́ yín sì mọ́, ẹ lè dá wọ́dúróòbù padà sí àyè ẹ̀, kẹ́ ẹ sún un kúrò lára ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.